Bí Èmi Ọdẹ́tóyìnbó Ṣe Wọ Igbó Babakótò Láìgbé Ìbọn

Ẹ̀yin ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó ń wúkọ́, kí ó wú u tán. Ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀, kí ó tètè lọ kí ó tètè bọ̀, nítorí bí ọ̀rọ̀ yìí bá gbéra nílẹ̀, kì í dúró de ẹni tó lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yin obìnrin ilé tí ẹ ń ṣa ẹ̀wà lọ́hùn-ún bí ẹni pé ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, mo ti rí i pé láti ìgbà tí mo ti jókòó, ẹ̀wà tí ẹ ń ṣà kò dín. Ẹ gbé igbá yín wá síbí. Ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹsẹ̀ mi ló rìn ín, ojú mi ló rí i, ẹnu mi ló kù tí yóò ròyìn rẹ̀.

Èmi ni Ọdẹ́tóyìnbó, ọmọ Ọdẹ́yẹmí, ní Ìgbẹ́tì níbí. Mo ti bá ẹfọ̀n wo ojú ara wa ní ọ̀sán gangan títí ẹfọ̀n fi gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Mo ti sùn sórí igi nígbà tí ẹkùn jókòó sí ìdí rẹ̀, mo sì hanrun tó bẹ́ẹ̀ tí ẹkùn fi rò pé ẹkùn tó ju òun lọ ló wà lókè, ló bá kó ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹkùn náà kò sí níbí láti jẹ́rìí, ṣùgbọ́n kò sí níbí láti jiyàn náà. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ojú tó rí ohun tí mo fẹ́ sọ: kì í ṣe ojú ọmọdé, kì í sì í ṣe ojú ojo.

Ẹ mọ ọmọ mi Ọdẹ́bùnmi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú Òyìnbó. Lọ́dọọdún, bí oòrùn bá mú lọ́hùn-ún, tí ilé-ìwé sì gba ọlidé gígùn, àwọn ará ibẹ̀ a máa ti ilẹ̀kùn ilé wọn, wọn a kó ọmọ wọn, wọn a lọ sí ìlú onílùú lọ máa wo òkun, igbó àti ẹranko. Wọn kì í pa ẹranko náà. Wọn kì í tà á. Wọn a kàn wò ó, wọn a ní ó dára, wọn a sì padà sílé. Nígbà tí Ọdẹ́bùnmi kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí fún mi lórí fóònù, mo ní kí ó tún un sọ, mo rò pé afẹ́fẹ́ ló da ọ̀rọ̀ rú. Ó ní lọ́dún yìí òun, ọkọ òun àti ọmọ wọn ń lọ sí Madagásíkà, erékùṣù ńlá kan tó wà láàárín òkun ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, òun sì fẹ́ kí èmi àti ìyá òun wá bá wọn níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó di ọdún mẹ́rin tí gbogbo wa ti jókòó pa pọ̀ gbẹ̀yìn. Ó ń rẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. Ó ní láti ìgbà òtútù ni òun ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn láìsinmi, òun kò sì rántí ọjọ́ tí òun rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Bàbá wo ni yóò gbọ́ ìyẹn tí yóò ní òun kò lọ?

N kò ní fi ọ̀rọ̀ bàálù yọ yín lẹ́nu. Àwọn tí kò tíì wọ̀ ọ́ kò ní gbà á gbọ́, àwọn tó ti wọ̀ ọ́ kò ní jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ti gbérí. Ìyàwó mi Àṣàkẹ́ bẹ̀ mí pé kí n fi gbérí ọdẹ sílé, pé ẹnìkan kì í wọ ẹ̀wù ọdẹ lọ sí ọlidé. Mo ní ẹ̀wù tí bàbá mi wọ̀ títí ó fi jẹ́ ogún tèmi, tí àdó mẹ́tàdínlógún so mọ́, tí owó ẹyọ yí ọrùn rẹ̀ ká, kò ní dá sùn nínú àpótí nígbà tí èmi bá wọ igbó àjèjì. Ní pápákọ̀ òfurufú, àwọn aṣọ́bodè tú u wò, wọ́n gbọn àdó kọ̀ọ̀kan sétí, wọ́n wá mú ajá wọn wá kí ó gbóòórùn rẹ̀. Ajá náà gbóòórùn lẹ́ẹ̀kan, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta, ó lọ sápamọ́ sẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa lọ. Àṣàkẹ́ ní ata gígún tó tú sínú àpò mi ló mú ajá sín. Ẹ kò rí i pé obìnrin kì í jẹ́ kí ìtàn dùn.

Ibi tí a dé sí wà láàárín omi méjì. Níwájú ni òkun, tí iyanrìn rẹ̀ funfun bí gààrí Ìjẹ̀bú. Lẹ́yìn ni ọ̀sà kan tó dúdú bí omi aró, igbó sì dí ní òdì kejì ọ̀sà náà. Ahéré onígi ni wọ́n fi ṣe òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀. Ọdẹ́bùnmi ti dé ṣáájú wa pẹ̀lú Akínlabí ọkọ rẹ̀, ọmọ Kétu, tó gbọ́ èdè Faransé bí ẹni ń mu omi. Òun ni ẹnu wa níbẹ̀, nítorí Faransé ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Ọmọ wọn Àníkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá, kúnlẹ̀ kí wa dáadáa, ó sì dákẹ́. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá o, ṣùgbọ́n èdè Òyìnbó ló fi ń fèsì, ìyá rẹ̀ a sì máa túmọ̀. Bí mo bá bá a ṣe yẹ̀yẹ́, èsì rẹ̀ a gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ bọ̀ wá bá mi bí ọbẹ̀ tó ti tutù kó tó dé iwájú ẹni.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo rí ìyanu àkọ́kọ́. Mo ń rìn létí igbó kékeré tó yí ahéré ká, gbérí mi lọ́rùn mi, nígbà tí nǹkan funfun kan bọ́ sílẹ̀ láti orí igi. Ó dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì bí ènìyàn. Ojú rẹ̀ dúdú, ara rẹ̀ funfun bí òwú, itan rẹ̀ pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún. Ó wò mí, mo wò ó. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì ń fò lọ ní ẹ̀gbẹ́. Kì í ṣe síwájú, kì í ṣe sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ṣáá ni, bí ọkọ ìyàwó tí ijó gùn. Òmíràn bọ́ sílẹ̀, ó tẹ̀lé e. Ẹ̀kẹta pọn ọmọ, òun náà ń jó lọ. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rí ẹran tó ń sá, mo ti rí ẹran tó dúró tó fẹ́ bá mi jà, n kò rí ẹran tó ń jó lọ sí ibi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ rí. Ẹ̀rín gbé mi ṣánlẹ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Àníkẹ́ ti gbé ọwọ́ sókè, ó ń fò tẹ̀lé wọn lórí iyanrìn, ìyá rẹ̀ àgbà tó ní eékún ń dun òun láti Èkó sì ti ká ìró sókè, ó ń fò tẹ̀lé ọmọ. Ẹ wo Àṣàkẹ́ lọ́hùn-ún, ó ń fi ọwọ́ bojú. Ẹ bi í bóyá irọ́ ni mo pa.

Sífákà ni wọ́n ń pe àwọn oníjó náà. Mo rí alágẹmọ kan tó gùn tó apá mi. Mo tún rí òmíràn tí kò tó èékánná àtàǹpàkò mi, tó sì ń ṣe bí àgbà ìlú lórí ewé gbígbẹ: ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó ronú lórí ìkejì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ̀nyí ni Àníkẹ́ torí wọn wá. Ọmọ náà ní ìwé kan tó ti ń kọ láti ọdún tó kọjá, àwòrán ẹranko kan ṣoṣo ló kún inú rẹ̀: ẹranko dúdú òun funfun tó tó ọmọ ọdún mẹ́ta, tí kò ní ìrù, tó ń kọrin lórí igi. Babakótò ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Mo ní ti kòtò ti jẹ́, ṣé inú kòtò ló ń gbé ni? Wọ́n ní rárá, pé bàbá ọmọ ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè tiwọn, pé àwọn baba ńlá wọn sọ pé ènìyàn ni tẹ́lẹ̀, tó wọ igbó lọ tí kò padà mọ́. Òdì kejì ọ̀sà ló ń gbé, nínú igbó tí àlejò kò gbọ́dọ̀ wọ̀ láìsí amọ̀nà. Amọ̀nà náà ni Fàráláyì, àgbà ọkùnrin kan tó gbẹ bí ẹran orí àjà, tí ojú rẹ̀ sì mú bí ti àṣá. Orúkọ rẹ̀ jọ tiwa létí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òun kò fẹ́ràn mi.

Ọjọ́ kìíní tí a wọ igbó náà, ó fi ọkọ̀ onígi tù wá sọdá, a rìn láti àárọ̀ di ọ̀sán. A ń gbọ́ orin babakótò lókèèrè, ṣùgbọ́n bí a bá ti sún mọ́ ọn, orin a dá. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Èmi tí mo ti fọ́nnu fún ọmọ nínú ọkọ̀ pé kò sí ẹran tó lè fara pamọ́ fún Ọdẹ́tóyìnbó, mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo ké bí ẹtu, mo ké bí ọ̀bọ, mo ké bí ohun tí èmi fúnra mi kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹyẹ kan ṣoṣo ló dá mi lóhùn, ó sì jọ pé ó ń bú mi ni. Nígbà tí a ń padà bọ̀, Àníkẹ́ yí ojú sí omi, mo sì rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹnìkan mọ̀. Ọjọ́ kan péré ló kù fún wa nínú igbó náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ọmọ-ọmọ, ẹ mọ bí irú ẹkún bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe ènìyàn. Ó sàn kí ó na ẹni ní pàṣán.

Bí a ti gúnlẹ̀, mo ní kí Akínlabí bá mi bi Fàráláyì léèrè ohun tó dé. Àgbà náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní èmi ló dé. Ó ní gbogbo ẹran inú igbó náà ló mọ̀ pé ọdẹ wọlé. Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń wẹ̀ lóòjọ́, ọṣẹ òtẹ́ẹ̀lì sì ń ta sánsán lára mi. Ó ní kì í ṣe òórùn ara ni òun ń wí. Ó wá jókòó sórí ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó ní òun yóò bi mí ní ìbéèrè.

Ó ní, "Bí o bá rí ẹran nínú igbó, kí ni o kọ́kọ́ ń rí?"

Mo ní, "Ibi tí ọta yóò gbà wọlé."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Iye ẹni tí yóò jẹ nínú rẹ̀."

"Ìgbà wo wá ni o ń rí ẹran náà?"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ náà, ó wọ́n mi. Akínlabí rò pé n kò gbọ́ ìtumọ̀ òun, ó tún un sọ. Mo ní mo gbọ́. Nígbà tí ojú fẹ́ tì mí, mo dá tèmi padà fún un, nítorí ẹni tí a bá bi ní àlọ́ a máa bini padà. Mo ní, "Kí ni ọdẹ ń gbé wọ igbó tí kò wúwo, tí ẹran sì ń gbọ́ ìró rẹ̀?"

Kò tilẹ̀ ronú. Ó ní, "Ebi. Èmi náà ṣe ọdẹ rí, babakótò ni mo sì ń pa. O fi ìbọn sílé, ṣùgbọ́n ebi rẹ ń wò wá láti ojú rẹ."

Bí àdéhùn wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fàráláyì ní òun yóò mú mi wọlé ní ọjọ́ kẹta, ṣùgbọ́n n kò gbọ́dọ̀ wọ gbérí. Kí n ká a mọ́ abẹ́ apá. N kò gbọ́dọ̀ ṣáájú, ẹ̀yìn ọmọ ni kí n máa rìn. Bí mo bá rí ẹran náà, n kò gbọ́dọ̀ na ìka gbọọrọ sí i, kí n ká ìka mi kí n tó fi tọ́ka, nítorí èèwọ̀ ilẹ̀ wọn ni. N kò sì gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Bí a bá dé iwájú rẹ̀ tí ọwọ́ mi dúró jẹ́ẹ́, òun yóò pè mí ní ọ̀rẹ́. Bí ọwọ́ mi bá lọ wá ìbọn tí kò sí níbẹ̀, gbérí bàbá mi di ti òun. Àṣàkẹ́ ní kí n má gbà. Mo wo Àníkẹ́ tó jókòó sórí iyanrìn, tó ń fi igi kékeré yà babakótò tí kò rí. Mo ní mo gbà.

Àwa mẹ́rin la lọ ní ọjọ́ kẹta: Fàráláyì, Akínlabí, Àníkẹ́ àti èmi. Ọdẹ́bùnmi àti ìyá rẹ̀ dúró sí etí òkun. Ìrì ṣì wà lórí ewé. Mo ń rìn lẹ́yìn ọmọ ọdún mẹ́wàá bí ìbejì tó kẹ́yìn bọ̀, èmi tí ẹgbẹ́ ọdẹ mẹ́ta ń tẹ̀lé lẹ́yìn! Kò pẹ́, mo rí nǹkan kan tí n kò rí rí láti ọjọ́ tí mo ti ń wọ igbó: mo rí ibi tí Àníkẹ́ ń wò. Ó ń wo òkè igi, ó ń wo èèpo igi, ó ń dúró wo olú tó hù sára igi jíjẹrà, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní, kí ló dé tí ọmọ yìí ń rẹ́rìn-ín sí olú? Èmi náà wo olú náà. Ó dára o. Ó pọ́n ròdòròdò, ìrì sì tò sí etí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀.

Orin náà bú jáde lórí wa gan-an. Ẹ jẹ́ kí n wá ohun tí n ó fi wé e. Ó bẹ̀rẹ̀ bí akọ màlúù tó ń bínú, ó wá gùn, ó ga, ó ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹkún ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ, omijé wà nínú rẹ̀, ayọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan pè, òmíràn gbè é láti òdì kejì òkè, ẹ̀kẹta dá sí i, gbogbo igbó wá kún bámúbámú. Akínlabí jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ láìmọ̀ pé òun jókòó. Lẹ́yìn náà, láàárín ewé, ó yọ. Ó fi apá méjèèjì gbá igi mọ́ra bí ẹni tó pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún. Dúdú àti funfun, etí rẹ̀ rìbìtì, ojú rẹ̀ bí ọsàn tí kò tíì pọ́n tán. Ìyá ni, ọmọ rẹ̀ kékeré lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀, títí ó fi dé ibi tí ẹni tó ga lè na ọwọ́ kàn. Kò wo Fàráláyì, kò wo èmi. Àníkẹ́ ló ń wò.

Ọmọ náà fa etí aṣọ mi, ó ní, "Bàbá àgbà, ó ń wò mí."

Ní Yorùbá ni o. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá bá mi tààrà, ó gbóná.

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún yín sókè kí ẹ wò ó. Àádọ́ta ọdún ni a ti fi kọ́ ọ ní iṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí inú mi ti ń dùn tó yẹn, bí omi ti ń kún ojú mi, ọwọ́ yìí gbéra. Díẹ̀ ni. Ìka tó ń fa ìbọn ká kò. Mo rí i bí ẹni rí olè nínú yàrá ara rẹ̀, mo sì tì í bọ abẹ́ apá, mo fi gbérí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyá babakótò gbé ọmọ rẹ̀ gun igi lọ láìkánjú. Mo wo Akínlabí, òkè ló ń wò. Mo wo Fàráláyì, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo ní, Ọdẹ́tóyìnbó, kò sẹ́ni tó rí ọ.

Báyìí ni mo ṣe ń rìn padà, ayọ̀ ní ẹsẹ̀ kan, ìtìjú ní ẹsẹ̀ kejì. A dé etí ọ̀sà. Fàráláyì bẹ̀rẹ̀ síí tú okùn ọkọ̀, Akínlabí ń wo àwòrán tó yà. Àníkẹ́ ń fò bí sífákà lọ sí etí omi, ó fẹ́ ṣan ẹrẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo wá rí ẹyìn méjì tó léfòó lórí omi, kò sì sí igi ọ̀pẹ kankan nítòsí. Ẹyìn kì í léfòó kí ó máa bọ̀ wá bá ènìyàn. Ọ̀nì ni. Ó ti sún mọ́ ọmọ débi pé bí mo bá pariwo, ọmọ yóò dìde dúró láti wò mí, ibẹ̀ ni yóò sì bá a. Kò sí ìbọn, kò sí àdá, kò sí ohun kankan lọ́wọ́ mi àfi gbérí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì jù ú. Ẹ̀wù náà tú sílẹ̀ lókè bí àṣá tó na ìyẹ́, àdó mẹ́tàdínlógún ń ró wọ̀nwọ̀n, ó sì balẹ̀ sójú ọ̀nì bó ti ń la ẹnu bọ̀ lókè omi. Ẹnu náà pa dé pàá. Ó gba gbérí mú, ó yí i, ó tún yí i, ó ń ru omi bí ẹni ro àmàlà ìyàwó méje, ó sì wọmi lọ tòun tẹ̀wù. Nígbà náà, mo ti gbá ọmọ mú nídìí, a ti jọ ṣubú sẹ́yìn sínú ẹrẹ̀. Àníkẹ́ kọ́kọ́ bínú pé mo ba aṣọ òun jẹ́. Ó wá rí omi tó ń ru. Ó dì mọ́ mi lọ́rùn títí a fi wọ ọkọ̀.

Láàárín ọ̀sà, tí ọkàn wa ti padà sáyè, mo ní kí Akínlabí bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan fún Fàráláyì. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí Elédùmarè dá ọmọ rẹ̀ padà fún láti ẹnu ọ̀nì, tó sì ń gbé irọ́ pamọ́ nítorí ẹ̀wù tí ọ̀nì ti gbé mì, ojú tiẹ̀ náà ló yẹ kí ó tì í. Mo ní kí ó sọ pé ọwọ́ mi gbéra níwájú ẹranko náà, pé tirẹ̀ ni gbérí kí n tó jù ú, pé ohun ìní rẹ̀ ni mo sọ sẹ́nu ọ̀nì láìgbàṣẹ.

Fàráláyì dá àjẹ̀ dúró. Ó ní, "Mo rí i."

Mo ní kí ló dé tí kò wí nǹkan kan.

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sókè, ó wò ó bí mo ti ní kí ẹ wo tiyín yìí. Ó ní, "Nítorí tèmi náà gbéra. Ó di ọdún méjìlélógójì tí mo ti sin ìbọn mi."

A wo ara wa. Akínlabí tó ń túmọ̀ wò wá lọ wò wá bọ̀. Fàráláyì wá ní ohun tó ń dun òun ni pé láti òní lọ, ọ̀nì yẹn ni olúọdẹ ọ̀sà, ó ti ní gbérí, ó ti ní àdó, ìbọn ló kù fún un. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu Àníkẹ́, ó ràn mọ́ bàbá rẹ̀, ó ràn mọ́ àwa àgbà méjì, ọkọ̀ sì ń fì sọ́tùn-ún fì sósì débi pé díẹ̀ ló kù kí olúọdẹ tuntun náà rí wa he. Ọ̀rẹ́ ló pè mí nígbà tí a gúnlẹ̀, tòun ti pé mo pàdánù. Ọdẹ́bùnmi gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó dá ìkúnlẹ̀ ó kí mi, kò sì jẹ́ kí Àníkẹ́ fi ẹsẹ̀ kan omi mọ́ ní gbogbo ọjọ́ náà. Àṣàkẹ́ béèrè gbérí. Mo ní ó wà nínú ọ̀sà, ẹnìkan ń wọ̀ ọ́.

Ó ku òkun. Ní ìgbẹ̀yìn ọlidé ni wọ́n ní a ó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lọ wo àbùùbùtán, ẹran omi tí kò sí ohun tó tó o lórí ilẹ̀. Àṣàkẹ́ ní òun kò lọ, pé iyanrìn tó òun, òkun kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ Ìgbẹ́tì. Ọdẹ́bùnmi náà ní òun yóò dúró ti ìyá òun. Ó ti sùn lọ títí lọ́sẹ̀ méjì náà, ó ti sanra díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò tíì kọjá ètè. Ìgbà náà ni atukọ̀ ṣàlàyé pé inú omi dídì ní òpin ayé ni àwọn ẹran náà ti ń bọ̀, pé ọdọọdún ni àwọn abo wọn ń rin oṣù gbáko láìjẹun kí wọ́n lè wá bímọ níbi tí omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ni Àṣàkẹ́ fi gbẹ̀bí ní ìlú yìí. Ìdajì ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ bọ́ sí. Ó béèrè ẹni tó ń gbẹ̀bí wọn. Atukọ̀ ní kò sẹ́nìkan. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní, "Ẹ gbé mi lọ."

Gbogbo wa wọ ẹ̀wù pupa tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, a dà bí ọ̀pọ̀ tòmátì nínú apẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ lọ títí ilẹ̀ fi di okùn tín-ín-rín. Atukọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Omi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni òkun gbé ẹ̀yìn sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo rò pé erékùṣù ló ń hù. Ó ń ga, ó ń gùn, ó ń dán, ó gùn ju ilé Olúọdẹ lọ tẹ̀yìntẹ̀yìn, ojú kan ṣoṣo sì yọ létí omi, ó wò wá. Lábẹ́ lẹ́bẹ́ rẹ̀, ọmọ kan yọ orí, ọmọ tó tó bọ́ọ̀sì. Àníkẹ́ di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ ọ̀tún ni. Kò sì gbéra lọ sí ibìkan.

Àṣàkẹ́ ló dìde. Bí ọkọ̀ ti ń fì, ó dìde, ó rọra kúnlẹ̀ sí etí ọkọ̀, ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ kú ewu o. Ẹ kú ìrìn. Ọmọ yìí dára, ọmú á ṣe é lóore. Ẹ kò ní sunkún ọmọ. Ẹ rí i pé ẹ jẹun."

Bó ti dákẹ́, ẹran náà tu èémí. Kì í ṣe díẹ̀. Omi òun atẹ́gùn ta sókè bí òjò tó ń rọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó wà lókè fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni ń ronú, ó sì dà lé gbogbo wa lórí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnìkan tàn yín, òórùn ẹnu àbùùbùtán ju ti ẹja tó ti sùn lọ́jà fún ọ̀sẹ̀ kan. Gèlè Àṣàkẹ́ ṣubú bo ojú rẹ̀. Ó ṣí i kúrò ní ojú kan, ó wò wá yíká, ó ní jẹ́ẹ́, "Ó dáhùn."

Ọdẹ́bùnmi la ẹnu. Mo rò pé igbe ni. Ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tó ti ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé, èyí tó máa ń já sí òsúkè. Ó yọ́ kúrò lórí ìjókòó, ó dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ nínú omi, ó ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ó ń pe ìyá rẹ̀, kò lè pè é parí. Àníkẹ́ ṣubú lé e. Akínlabí ṣubú lé àwọn méjèèjì. Mo dúró lórí wọn, mo tutù, mo ń rùn, n kò sì bẹ ẹnìkan pé kí ó gbé mi kúrò níbẹ̀.

Bó ti rí nìyẹn, n kò bù kún un ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀wà yẹn ti tó ó sè. Ẹ dìde, kí oníkálukú lọ sílé lọ wo ọmọ rẹ̀.